Ta Ló Gé Iṣẹ́ Ìbíjọkẹ́ Sí Méjì?

Àgbóyì, létí odò,
Oṣù Karùn-ún, 1975.

Ìbíjọkẹ́ ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọkọ rẹ Ṣùáíbù, mo kí Mojeed, mo kí Súmbọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọmú. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ooru Ṣómólú kò pọ̀ jù? Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ nípa yín. Bí ẹ bá bèèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ń dùn ún bó ṣe máa ń dùn ún tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, odò ti kún dé ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ sì ti ń to ẹrù wọn sórí àga. Ìyàwó Rahmon àbúrò rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn jọ Bàbá Rùfáì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, títí kan ìkanra. Èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà kò ṣòfò, bí o bá wá rí ibi tí lẹ́tà ti ń forí gbá ara wọn, má bínú, àyà mi kò tíì padà sáyè láti ọjọ́ Alàmísì.

Ọmọ mi, irú ìjayà wo lo fi ránṣẹ́ sí wa yìí?

Mo wà nídìí ẹja tí mò ń yan ní ọjọ́ Àtìní nígbà tí Bánjọ, onítípà tó máa ń wá kó yanrìn létí odò wa, dúró kí mi. Ó ní o kí mi, ó ní o ní kí òun sọ fún mi pé o ti ń ṣe páàtì-táìmù báyìí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ẹja ọwọ́ mi bọ́ sínú iná. Táìmù, mo mọ̀ ọ́n, aago ni. Páàtì náà, mo mọ̀ ọ́n, òun ni àwọn ọmọ Èkó máa ń ṣe tí wọ́n á máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ní, háà, ọmọ tí mo bí, tó ní ọmọ méjì nílẹ̀, tí ọ̀kan ṣì ń mu ọmú, òun ló pa iṣẹ́ tì tó lọ gba àkókò páàtì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀! Mo káwọ́ lérí. Mo rò ó pé bóyá owó Údọ́jì tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ló gùn ọ́ lórí, nítorí a gbọ́ pé àwọn kan ti fi tiwọn ra ẹ̀rọ orin nígbà tí kò sí iná mànàmáná nílé wọn.

Mo sáré lọ bá bàbá rẹ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi rọra jókòó sínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Ó ní ṣé Ṣùáíbù mọ̀ sí i? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní bí Ṣùáíbù bá mọ̀ sí i, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló jọ ń jó, bí kò bá sì mọ̀ sí i, a jẹ́ pé ilé ti fẹ́ tú. A wò ó síwá, a wò ó sẹ́yìn, kò sí èyí tó dára níbẹ̀. La bá kọrí sọ́dọ̀ Bàbá Rùfáì, torí òun ló ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, tó sì gbọ́ èdè òyìnbó.

Bàbá Rùfáì fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe páàtì ijó, ó ní ààbọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní bí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì bá fẹ́ lé èèyàn tí ojú sì ń tì wọ́n, wọn kì í lé e lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kọ́kọ́ gé iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì, wọ́n á fún un ní ìdajì, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní ìdajì kejì, ẹni yẹn á sì máa jẹ ẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi jẹ ẹ́ tán, títí kan àga. Ọmọ mi, ìjayà àkọ́kọ́ tilẹ̀ sàn ju èyí lọ. Ẹni tó ń jó, èèyàn lè lọ fà á wálé. Ẹni tí wọ́n gé iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì, ta ni yóò bá a lẹ̀ ẹ́ pọ̀? Bàbá Rùfáì ní kí a pe àwọn ààfáà kí wọ́n wá ṣe àdúà. Mo ní kí wọ́n máa ṣe àdúà lọ, èmi ń lọ sí ọ́fíìsì náà.

Ní Alàmísì, mo di ẹja àrọ̀ yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé Kétu, bọ́ọ̀sì gbé mi dé Yábàá, mo sì ń bèèrè ilé iṣẹ́ yín tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ títí mo fi débẹ̀. Oòrùn ti kọjá àárín orí. Mo sọ fún mẹ́gádì pé ìyá Ìbíjọkẹ́ ni mí, ó ní Ìbíjọkẹ́ ti lọ sílé. Ní ojú ọ̀sán! Ó nàka yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́ sí mi, mo wọlé, kí ni mo rí? Obìnrin pupa kan ló wà lórí àga rẹ, níwájú pátákó oníhò wẹ́wẹ́ tí o ti júwe fún wa rí, ó fi irin dé orí, ó ń ki wáyà bọ ihò, ó ń fa wáyà yọ nínú ihò, ó ń dá sọ̀rọ̀. Súwẹ́tà rẹ aláwọ̀ ewé ṣì wà lẹ́yìn àga náà. Mo ní òun rè é, ẹni tó ń jẹ ìdajì kejì.

Mi ò bá a jà o. Mo kí i, ó bọ́ irin orí rẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́, bó sì ṣe dìde kúrò lórí àga báyìí ni mo bá jókòó síbẹ̀. Mo ní n kò ní dìde mọ́ títí ọmọ mi yóò fi dé, odindi àga ni wọ́n fún un, kì í ṣe ààbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó ní Mama, ẹ jọ̀wọ́, àwọn èèyàn ń pè. Mo ní n kò rí èèyàn kankan. Iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lójú pátákó náà, nǹkan kan sì ń dún. Ó na ọwọ́ sí wáyà kan, mo rò pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ náà lójú mi ni, ni mo bá kó gbogbo wáyà tí ọwọ́ mi bà, mo fà wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó fa ẹ̀gẹ́ tu. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ìbíjọkẹ́, n kò mọ̀ pé inú wáyà làwọn èèyàn náà wà. Ilẹ̀kùn kan ṣí gbà, ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Batólómíù, jáde wá, ó ní ta ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu, òun ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní Kánò. Ní Kánò! Mo wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi, mo wo ẹnu ọ̀gá bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo sọ wáyà sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ẹkún gbà mí. Mo ní ọ̀gá, ẹ bá mi bẹ ará Kánò, ṣùgbọ́n ẹ má gé iṣẹ́ ọmọ mi. Mo ní o kò jalè rí, mo ní láti kékeré lo ti ń kí èèyàn kó tó kí ọ. Mo ti apẹ̀rẹ̀ ẹja sí i lẹ́sẹ̀, kò gbà á. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé mi dìde, ó ní Mama, èmi kọ́ ni mo gé e. Ó ní ìwọ lo wọlé wá bá òun tí o ní kí òun bá ọ gé e, kí o máa ṣe ti àárọ̀ nìkan, kí o lè wà pẹ̀lú ọmọ láti ọ̀sán lọ. Ó ní òun bi ọ́ bóyá o mọ̀ pé owó oṣù náà yóò gé, o ní o mọ̀.

Mo tún jókòó. Nínú gbogbo ohun tó já mi láyà lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó tó o. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀bẹ lé iṣẹ́ ara rẹ̀!

Dọ́rọ́tì, orúkọ obìnrin pupa náà nìyẹn, òun ló bu omi fún mi mu nígbà tó ti ki àwọn èèyàn padà sínú ihò wọn tán. Òun náà ló sọ ohun tí o kò sọ fún mi. Ó ní nígbà tí ibà ń ṣe Mojeed tí ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, ìwọ àti Ìyá Ṣọládé, ará ilé yín tó máa ń bá ọ tọ́jú wọn tí o bá lọ síbi iṣẹ́, ọmọ náà rí abẹ́rẹ́, ó figbe ta, Ìyá Ṣọládé ló ń nawọ́ sí, òun ló ń pè ní màámi, ìwọ ló ń fi ẹsẹ̀ tì dànù. Ó ní nọ́ọ̀sì ní kí ìyá ọmọ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kí àǹtí ọmọ bọ́ síta. Ó ní o bọ́ síta. Ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lo dúró sí, tí o ń gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ.

Ìbíjọkẹ́, kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Ẹkún tí mo sun níbẹ̀ ju èyí tí mo sun fún ọ̀gá lọ. Èmi tí mo bí yín mẹ́fà, mò ń yan ẹja, ẹ wà lẹ́yìn mi, mò ń tu ọkọ̀, ẹ wà lẹ́yìn mi, mò ń najà ní Kétu, mò ń bá oníbàárà jà, ẹ ń sùn lẹ́yìn mi. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà láyé tí wọ́n ní kí obìnrin gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé. Dọ́rọ́tì ní òun náà ní ọmọ ọwọ́, òun ń tọ́ tòun láàárọ̀, ìwọ ń tọ́ tìrẹ lọ́sàn-án, àti pé bí kì í bá ṣe tìrẹ ni, òun ì bá má rí iṣẹ́ kankan ṣe. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ìdajì ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò burú, ó kàn ní kí n jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan nǹkan mọ́.

Mo wá sí ilé rẹ lọ́jọ́ náà. Ẹja tí o bá lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo gbé e síbẹ̀, má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ilẹ̀kùn yín ṣí díẹ̀ nítorí ooru. Mo fẹ́ kágò, mo kọ́kọ́ yọjú wo inú ilé. Ìwọ ni o nà gbalaja sórí ẹní lọ́sàn-án gangan tí o ń sùn, ìwọ tí n kò rí kí o sùn lọ́sàn-án rí láti ìgbà tí o ti ń rìn. Súmbọ̀ ti sùn lórí ọmú, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mojeed gbé ẹsẹ̀ lé ọ lọ́rùn, ó sì di etí ìró rẹ mú pinpin, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ṣọládé yọ, ó fẹ́ jí ọ, mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo ní kó dákẹ́, èmi fúnra mi ni n óò kọ ọ́ sí ọ. Mo dúró wò yín títí, lẹ́yìn náà mo gbé ẹja kalẹ̀, mo lọ.

Nígbà tí mo délé, àwọn ààfáà ṣì ń ṣe àdúà kí wọ́n dá ìdajì tí wọ́n gé padà. Mo ní kí wọ́n yí i padà kíákíá kó tó gbà. Bàbá Rùfáì kò tíì gbà pé èèyàn gidi lè ní kí wọ́n dín owó òun kù, ó ní rélùwéè kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ti bàbá rẹ, ó ní kí n tún sọ ti ilé abẹ́rẹ́ yẹn, mo tún un sọ, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ọ̀sán, á ká àwọ̀n rẹ̀, á nà sórí ẹní, á ní òun ń ṣe páàtì-táìmù. Mo bi í pé ọmọ ọwọ́ wo ló ń tọ́. Ó ní ara òun ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé ó ti gé, kò sì yẹ kí n la ẹnu, àmọ́ ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn ti fa àwọ̀n bàbá rẹ ya, a nílò owó òwú, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ àti kẹrosíìnì. Fi èyí tí ọwọ́ rẹ bá ká rán Bánjọ, ṣùgbọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ sínú ìwé, má fi rán an lẹ́nu mọ́, ẹnu rẹ̀ kúrú jù. Bí kò bá sí, má yá owó nítorí wa, kọ́kọ́ jẹun yó kí ọmú lè wà fún Súmbọ̀. Bá mi kí Dọ́rọ́tì, kí o sì bá mi bẹ ará Kánò náà bó bá tún wọ inú wáyà.

Ọlọ́run Ọba yóò bù sí ìdajì tó wà lọ́wọ́ rẹ títí yóò fi kún. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ kò ní bọ́ lẹ́yìn rẹ. Níbikíbi tí wọ́n bá ti bèèrè ìyá Mojeed, ojú rẹ ni ọmọ náà yóò wò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọláìyá.