Ìyá Tí Ẹ Wá Fún Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òjò rọ̀ ní Ifangni láàárọ̀ yìí, òórùn ilẹ̀ tútù sì mú mi rántí bí ẹ ti máa ń fi igi ha ẹrẹ̀ kúrò lára alùpùpù sẹ́míjáànì yín kí ẹ tó lọ gbé èrò. Ẹ ó máa súfèé. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sú tó yín.

Mo pàdé Màmá Banigbé lọ́jà lánàá. Ṣé ẹ rántí wọn? Àwọn ni bẹ́ẹ̀dì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Wọ́n ti hewú, ṣùgbọ́n mo dá ohùn wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà yẹn. Mi ò rí oorun sùn mọ́, mo ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí kò sí nínú ilé. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí náà ẹ̀yin lẹ fi alùpùpù gbé mi lọ, tí ẹ fi ìró so mí mọ́ ẹ̀yìn yín kí n má baà já bọ́. Kò sí yàrá ọmọdé níbẹ̀. Àárín àwọn obìnrin àgbà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi mí sí. Ọ̀kan ń pariwo ṣáá. Òmíràn ní èmi ni ọmọ òun tó kú, ó ń fà mí lọ́wọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo sá sí.

Ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọlé, lẹ bá ń dúró lójú fèrèsé, ẹ ń ròyìn ilé fún mi: ewúrẹ́ ti bímọ, ọmọ tuntun ti ń rẹ́rìn-ín, gbágùúdá oko wa ní Lagbé ti rúwé. Bí mi ò bá dáhùn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí súfèé títí màá fi yọjú.

Màmá Banigbé ló ń di irun mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, ni wọ́n ń sùn kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn mí. Mo rò pé àánú mi ló kàn ṣe wọ́n.

“Bàbá rẹ ló bẹ̀ mí,” ni wọ́n sọ lánàá.

Wọ́n ní ẹ pe àwọn sójú fèrèsé nígbà tí mo sùn, ẹ sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níta. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni. Ẹ bá mi ṣe ìyá fún un níbẹ̀.”

Wèrè ni gbogbo ènìyàn ti ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti kọ oúnjẹ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí ẹ pe àwọn ní màmá yẹn ni àwọn tó gbà láti jẹun.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Níbo lẹ ń sùn? Ta ló ń rẹ ẹ̀yin náà lẹ́kún?

Màmá Banigbé ṣì ń lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ní àwọn tún rí ọmọdébìnrin kan láàárín àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ náà gbé mi lọ́kàn. A ti jọ pinnu láti lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ara mi le. Mo ń lo oògùn mi, mo ń ránṣọ. Mo mú Màmá Banigbé wálé, a jọ jẹ ẹ̀bà. Ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀ kí wọn, ó wá yọ́ bi mí léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́.

Mo ní, “Ìyá mi ni. Bàbá mi ló wá wọn fún mi.”

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ gidigidi.