Oúnjẹ Tó Pọ̀ Jù Nílé Wàhábì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Ọ̀wàrà 2025

Mo ti Igbó-Ọrà dé. Fídáù ìyàwó Bísíkíìtì. Ọ̀kadà gbé mi gba inú ẹrẹ̀, ṣòkòtò funfun di aláràbarà.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Bísíkíìtì o. Lójú rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Wàhábì ni, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tá a jọ wà lójú ogun ní Làìbéríà, bísíkíìtì ológun le bí àfọ́kù ìkòkò. Gbogbo wa ń bú u, òun nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀ — á rì í bọ inú tíì, á máa fà á mu bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀ka tó ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn tó wà níwájú ogun la wà. Èmi ń wa ọkọ̀, òun ń pín oúnjẹ. A kò yìnbọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yìnbọn ṣáà gbọ́dọ̀ jẹun.

Wáàsí kò gùn. Ẹ kú ara-fẹ́ra-kù lọ́tùn-ún lósì. Kúlà lórí kúlà ní palọ̀ — ìrẹsì, ẹran, mọ́ínmọ́ín. Wàhábì kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Mo ní ọ̀fọ̀ ni, yóò kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà

Orúnkún. Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọ̀wàrà

Mùnírátù pè mí, ọmọ Bísíkíìtì tó ń ṣe gaàrí, tí wọ́n jọ ń gbé. Ó ní, "Bàbá Babáwálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tíì lásán ni wọ́n ń mu látọjọ́ tí Màmá ti kú." Nọ́ọ̀sì ti ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò kò ṣe é lò láìjẹun. Kò jẹun, kò lo oògùn, ẹ̀jẹ̀ ti ga. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní pẹ́ tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀.

Mo sọ fún Keturah. Ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà, ohùn tíṣà ni kò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Kí lẹ ṣì ń dúró ṣe nílé?"

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ọ̀wàrà

Mo lọ bá Bísíkíìtì lẹ́yìn Jímọ̀. Ó ti rù. Aago ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ lọ sí ìgúnpá. Kúlà tuntun mẹ́ta tún ti dé.

Mo fi ìtàn tù ú. Ẹ̀wà tá a gbé kaná láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ tí kò jinná, tí ọ̀gá kan ní ká kúkú kì í sínú ìbọn. Gaàrí tí òjò bá nínú ọkọ̀ mi, tó wú títí tó fi ya àpò, tá a fi ṣọ́bìrì kó o sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín débi pé Mùnírátù yọjú láti ìdáná. Mo ní iṣẹ́ ti parí. Mo ṣí kúlà kan. Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, ẹ rántí ọjọ́ tá a jẹ kọ́ǹbíìfù títí ó fi sú wa? Agolo ẹran méjì méjì! Ẹ jẹ́ ká tún jẹ bẹ́ẹ̀ lónìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Mo jókòó ti kúlà bí ẹni tó ń tà á. Kò jáde títí mo fi lọ. Inú bí mi. Kí ni mo sọ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà

Inú ṣì ń bí mi. Keturah ní kí n má lọ bá ọlọ́fọ̀ jà. Mo ní ta ló fẹ́ jà. Ó ní kí n lọ wo ojú mi nínú dígí.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀wàrà

Ṣọ́ọ̀ṣì. Ara mi nìkan ló lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Mo padà lọ. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dírẹ́bà, ọjọ́ kọ́ǹbíìfù yẹn, oúnjẹ ta lo rò pé o jẹ?"

Mo ní oúnjẹ ìjọba ni. Ó mi orí.

Ó wá sọ ọ́ fún mi, láìgbé ohùn sókè. Iye tí àwọn tó wà níwájú jẹ́ lánàá la fi ń gba oúnjẹ tòní. Bí ìbọn bá ti pa nínú wọn mọ́jú, oúnjẹ wọn á ṣì bá wa dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá pọ̀ ni ọjọ́ tí òkú pọ̀. Èmi wà nídìí ọkọ̀ ní tèmi. Mo rí i pé oúnjẹ ṣẹ́kù, mo jẹ, mo sùn. Òun ló dúró ti ìkòkò. Ó ní, "Oúnjẹ á ṣì kún inú ìkòkò, ìlà á ti tán. Màá gbé ojú sókè, mi ò ní rí ẹnì kankan mọ́."

Láti ìgbà yẹn, bí oúnjẹ bá ti pọ̀ ju ẹnu lọ, ọ̀fun rẹ̀ á dí. Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Kì í se àṣẹ́kù. Ó kú tán, oúnjẹ wá kún ilé dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Gbogbo kúlà tí wọ́n bá gbé wọlé, oúnjẹ Àpèkẹ́ ni lójú mi."

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tá a ti jọ ń fi ogun yìí ṣẹ̀fẹ̀. Mi ò mọ̀. Mo jẹ oúnjẹ yẹn, mo tún ń fi í yangàn. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́rú, 15 Ọ̀wàrà

Mo ní kí Mùnírátù má gba oúnjẹ mọ́. Ó fárí gá. "Kí n dá oúnjẹ ọ̀fọ̀ padà? Wọ́n á ní ebi la fi ń pa bàbá wa." Kò jẹ̀bi. A fẹnu kò: kó máa gbà á, kó máa dúpẹ́, kó máa gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé-kéwú. Ilé mọ́. Wàhábì ní a ṣeun.

Kò jẹun síbẹ̀. Tíì.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ọ̀wàrà

Wàhábì ṣubú ní mọ́sálásí. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e délé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ mi.

Keturah ní, "Gbogbo yín lẹ ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ. Ta ló ti lọ sọ fún un pé ebi ń pa òun?" Mo ní kí ló túmọ̀ sí. Ó ní kí n lọ rò ó, òun kì í ṣe tíṣà mi.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọ̀wàrà

Mi ò jẹ nǹkan kan láàárọ̀. Láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó di Igbó-Ọrà. Mùnírátù ti lọ ra pákí ní Ìdèrè. Wàhábì nìkan ló wà ní palọ̀, lórí àga.

Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, ebi ń pa mí."

Ó wò mí. "Ìyàwó ẹ ò fún ẹ lóúnjẹ?"

"Mi ò jẹ. Ebi ń pa mí gan-an ni, sà."

Ó pòṣé. "Dírẹ́bà! Àgbà ti dé, ọgbọ́n ò bá a dé." Ó dìde, ó ń di ògiri mú títí dé ìdáná. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ awakọ̀ kọ́ nìyẹn. Ó tú ẹnu àpò ìrẹsì, ó mú agolo mílíìkì. Ó bu ọ̀kan sínú ìkòkò. "Tìẹ." Ó bu èkejì. "Tèmi." Mo mí kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tún ti padà sínú àpò, ó ti bu ẹ̀kẹta, ó ti gbé e dé orí ìkòkò.

Ó dúró. Ìrẹsì ń já bọ́ sílẹ̀. Ti Àpèkẹ́ nìyẹn. Ó da agolo náà padà sínú àpò, díẹ̀díẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Mi ò rí omijé rẹ̀ rí lójú ogun. Mi ò rí i níbi ìsìnkú. Mo di èjìká rẹ̀ mú, èmi náà ń sunkún.

Ó nu ojú. Ó ní kí n yéé dúró bí òpó, kí n wá àlùbọ́sà.

Ìrẹsì yẹn, iyọ̀ pọ̀, ata ò tó. A jẹ ẹ́. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó ha ìdí ìkòkò, ó fún mi ní ìdajì èyí tó jó. Ó lo oògùn.

Mùnírátù wọlé, ó ṣí ìkòkò, kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdáná, ó ń sunkún.

Wàhábì ní, "Kí ló dé? Ṣé ebi ń pa ìwọ náà ni?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wàhábì bu agolo kan.