Gílóòbù Ẹnu Ọ̀nà Màmá Mi

Màmá Claudette, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín lórí rédíò ní Lùìsíánà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi Royce sílẹ̀ lẹ́wọ̀n kí ọdún rẹ̀ tó pé. Ọmọdé, ọmọ ọlọ́mọ, ló fipá bá lò. Ìjọba ní kó máa gba abẹ́rẹ́ tó ń pa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Wọ́n tún ní nírọ̀lẹ́ Halowíìnì, tí àwọn ọmọdé ń kiri ojúlé tọrọ súìtì, iná ìta ilé tó ń gbé kò gbọdọ̀ tàn.

Màmá wa, tí Royce ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tan iná ìta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé abọ́ súìtì sórí itan.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá a padà sẹ́wọ̀n ni?"

"Abẹ́rẹ́ ti wo ọmọ mi sàn. Ṣé kí ilé tèmi nìkan wá ṣókùnkùn bí ahoro ni?"

"Ẹ gbọ́, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló máa bá wa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Royce jókòó sí kọ̀rọ̀. Mo gun àga, mo tú gílóòbù ẹnu ọ̀nà, mo jù ú sínú báàgì mi. Mo wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí àwọn ọmọdé fi kọjá tán.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kì í dáhùn tí mo bá kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àǹtí mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n, kí n dá gílóòbù wọn padà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ dá sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ gbọ́ èyí tí Màmá kì í fẹ́ gbọ́: súìtì ni Royce fi tan ọmọ yẹn wọlé. Gílóòbù ṣì wà nínú báàgì mi.