Ẹ̀bi Tí A Dì Ru Iyán Ìyá Tóbilọ́ba

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Odò-Ọjà,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ìbíkúnlé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Bùsọ́lá ńkọ́, ṣé yunifásítì ti gbà á, àbí wọ́n ṣì ń ní kó máa retí? Kòkó Ògòtún náà ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí òjò tó pọ̀ yìí má bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwa náà wà níhìn-ín. Ara ń le, ẹnu ń jẹ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sinmi. Láti ìgbà tí mo ti kọ orúkọ rẹ sókè yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lórí àga. Mo lọ wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, mo tún padà wá jókòó.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Mo kúkú pè ọ́ lánàá, o gbé e, mo ní mo kàn fẹ́ kí ọ ni. Irọ́ ni mo pa. Lórí fóònù, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo máa sọ, màá wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì máa fi rán awakọ̀ Ògòtún tó ń kó èrò níwájú ilé wa.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ti ayọ̀. Tóbilọ́ba, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti gba bẹ́líìtì àwọn akànṣẹ́ tó wúwo jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìlú Akra ni wọ́n ti jà á lóṣù tó kọjá. Ọmọ Gánà tó bá a jà ga jù ú lọ, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ la ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ìpele kẹrin. Nígbà tó di ìpele kẹsàn-án, Tóbi fi ọwọ́ òsì kàn án níhà, ọkùnrin náà kúnlẹ̀, kò sì dìde títí wọ́n fi kà á dé mẹ́wàá. Ilé ìtajà mi la ti wò ó, lórí fóònù Glory ọmọ mi. Ariwo tí a pa, àwọn aládùúgbò rò pé ilé ló ń jó.

O mọ púpọ̀ nínú ìtàn ọmọ náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí, nítorí ibì kan wà nínú rẹ̀ tí o ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, láàárín àpò kòkó tí mo ń rà. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ń dá gbé àpò sórí ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí àgbàlagbà méjì máa ń mí hẹlẹ kí wọ́n tó gbé. Tíṣà Abíọ́dún, tó ti kan ẹ̀ṣẹ́ nínú iṣẹ́ ológun kó tó di olùkọ́, rí i lọ́jọ́ kan, ó ní irú èjìká yìí ò gbọdọ̀ parí sídìí kòkó. Ó rọ lẹ́búlẹ́bú pákó kún inú àpò, ó so ó mọ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Tóbi ń lù ú nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, títí àwọn olùkọ́ yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtibá a wí.

Ọdún 2014 ni wọ́n mú un láti ṣojú Èkìtì níbi ìdíje gbogbo Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi í sí, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ò gbọdọ̀ ju kílò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá jù ú lọ, ẹgbẹ́ tó wà lókè ló kàn, Èkìtì sì ti ní ẹlòmíràn níbẹ̀. Tíṣà ní kó wọn ara rẹ̀ kó tó lọ. Níbo la ó ti rí ìwọ̀n ní Odò-Ọjà, bí kò ṣe ìwọ̀n kòkó mi? Tóbi bọ́ra sílẹ̀ ku ṣòkòtò péńpé, ó gun orí rẹ̀ lójú gbogbo àgbẹ̀ tó kó kòkó wá láàárọ̀ náà. Èmi fúnra mi ni mo kà á: àádọ́rùn-ún gẹ́lẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìbíkúnlé, ìwọ̀n yẹn ò tọ́. Irin róbótó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi ń tún un ṣe. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò ni mo ti yí i, tí kílò mẹ́rin ń sọnù lára ohunkóhun tó bá gun orí rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé gbogbo àwa tó ń ra kòkó la ń ṣe é. Bí mo ti ń ka àádọ́rùn-ún lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún lọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kó fi mẹ́rin kún un, lójú Ṣùáíbù, àgbẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn àpò kòkó mẹ́fà? Mo gbé e mì. Mo ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá pè é sí kọ̀rọ̀. Ọkọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án. Mo wá ní bó bá sáré díẹ̀ lọ́hùn-ún, òógùn á gbé mẹ́rin náà lọ.

Kó tó wọkọ̀, ìyá rẹ̀ gún iyán fún un, ó fi ẹran ìgbẹ́ sí i. Ìyá wo ní Èkìtì ni yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìjà láìjẹ iyán?

Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n lọ́hùn-ún, ó ju mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lọ, wákàtí kan péré ni wọ́n sì fún un láti fi dín in kù. Ó wọ súwẹ́tà méjì, ó ń sáré nínú oòrùn títí ó fi ṣubú. Kílò kan ló bọ́. Wọ́n dá a padà sílé láìkan ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Àwọn olórí ikọ̀ bi í pé kí ló jẹ, ó ní iyán ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ gbọ́ pé iyán ìyá Tóbi ló lé e kúrò nínú ìdíje. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé fi kọrin. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ṣíwọ́ iyán gígún fún ọmọ rẹ̀ ni. Láti ọdún náà, ìgbàkígbà tí Tóbi bá wálé, rẹ́sì ló ń sè fún un. Ọmọ Èkìtì ni ọ́, n kò ní ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́. Èmi náà yí irin náà padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ìwọ̀n mi sì ti tọ́ láti ìgbà náà. Ẹnu mi ni kò là.

Tóbi ò lè dúró nílé mọ́. Ó lọ sí Èkó, ó ń ṣọ́ ilé oògùn kan, ó ń fi àyè tó bá kù kan ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n nà án níjà àkọ́kọ́ tó fi gbowó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ní Kútọnù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń bójú tó o fi í sílẹ̀ sá lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ sí ìdíje ọjọ́ náà ti fi ẹ̀ṣẹ́ gba iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ti ológun, àwọn kan ti rí òkè òkun. Òun, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan bẹ́líìtì.

Ohun tó wá tú mi ká nìyí. Lẹ́yìn ìjà Akra, oníròyìn kan bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iyán ìyá òun ló dá òun dúró fún ọdún mọ́kànlá. Àwàdà ni, ọmọ náà ò ní ìkùnsínú. Ṣùgbọ́n fídíò náà ti wọ gbogbo fóònù nílùú yìí. Nílé ìtajà mi, àwọn àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀rín yẹn sì ń tì mí títí di ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní orí ń fọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tó ogún.

Ọ̀la ni Tóbi ń bọ̀, ọ̀tunla ni ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀ yìí, n kò mọ ohun tó gbé mi, mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú rẹ́sì tí wọ́n máa sè lọ́jọ́ Àìkú. Ìdúró ni mo ti sọ ọ́, láti orí irin náà títí dé orí Ṣùáíbù. Ó ń ṣa rẹ́sì lọ. Mo rò pé kò gbọ́, mo fẹ́ tún un sọ.

Ó ní, “Bámigbóyè, mo gbọ́.”

Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ọdún mọ́kànlá lọmọ mi fi ń wá sí ulé mi wá jẹ rẹ́sì bí àlejò.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ó ní, “Níwájú ìjọ ni wọ́n ti fi uyán mi ṣẹ̀sín. Níwájú ìjọ ni ùwọ náà á ti sọ ọ́.” Ló bá da rẹ́sì náà padà sínú àpò, ó di ẹnu rẹ̀. “Lọ ra uṣu wá. Ùwọ lo máa gún un.”

Mo ti ra ogún iṣu. Iyán gígún ò bà mí lẹ́rù, bí apá mi tilẹ̀ ti gbó. Ẹnu mi ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá sọ ti Tóbi, mo ti sọ ti kòkó. Ṣùáíbù kì í ṣe ará ìjọ wa, ṣùgbọ́n ká tó ka oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ti gbọ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́ Ọkùnrin! Ìyẹn náà, màá rù ú. Tóbilọ́ba ni n kò mọ bí mo ṣe máa wò lójú. Lálẹ́ ọjọ́ tó gba bẹ́líìtì, èmi ló kọ́kọ́ pè, kó tó pe ìyá rẹ̀ pàápàá. Ó ní, “Dádì, èjìká tí mo ní nílé ìtajà yín ló gbà á.” Mo ní o ṣé, ọmọ mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ gan-an. Kí Bùsọ́lá, sọ fún un pé kó má mikàn. Kí gbogbo ará ilé.

Ìwọ alára, wá lọ́jọ́ Àìkú. Má bá mi wá àwáwí, má sì bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Ìlà kẹta ni mo máa ń jókòó sí. Jókòó ti mí níhà ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn, kí n má bàa lè sá jáde.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ara rẹ̀ ò balẹ̀,
                                        Bámigbóyè Ìgè.