Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì

Ilé Búrẹ́dì Hadfield,
Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Jetty,
Garrow Bay,
South Australia.
Ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, ọdún 2019.

Jocelyn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ńkọ́, èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún? Ṣé o ti ń fi rìn dé etí òkun, àbí o ṣì ń fi ọ̀pá dẹ́rù ba àwọn ajá àdúgbò? Alan ọkọ rẹ ńkọ́, àti tòmátì rẹ̀ tó kọ̀ tí kò so nínú òtútù Hobart yẹn? Ṣé ìyàwó Fergus ọmọ yín ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀? Bó bá ti bímọ, kí Ọlọ́run dá a sí, kó má sì gbé imú Alan wáyé. Àwa náà ń bẹ níbí. Ara Merv ọkọ mi le, àfi pé dókítà ní kó jáwọ́ nínú ṣúgà, ìyẹn sì ti sọ ọ́ di oníjà nínú ilé. Èmi gan-an ni inú mi ò dùn, kì í sì í ṣe ti àìsàn.

Lẹ́tà rẹ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyẹ̀fun ti bò ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbójú kúrò. Ohun méjì lo sọ nínú rẹ̀: o bèèrè bí iṣẹ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ṣe ń lọ sí, o sì ní kí n bá ọ kí Merrin. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti iṣẹ́ náà.

Ìwọ náà kò ní í gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ tí o pe gbogbo àwa onísọ́ọ̀bù sí yàrá ìkàwé, nígbà tí o ṣì jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa. O sọ fún wa pé àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń lo gbogbo àkókò ìsinmi nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin ń fẹ́ obìnrin. Kev alápatà ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, “Jocelyn, ẹran ni mò ń tà o. Ṣé èmi ni màá tún máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwà ni?” O ò bínú sí i. O ní, “Kev, tó bá ti di aago mẹ́ta ààbọ̀, mo ti géètì mi nìyẹn. Láti géètì yẹn dé ilé wọn, iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n ń gbà. Ta ni kí n wá bẹ̀?” Kí tíì ó tó tán, ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá ti gba sítíkà elésè àlùkò rẹ láti lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Craig Voss, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ẹja, ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, torí pé ayàwòrán ìwé ìròyìn wà níjòókòó.

Mo ṣì lè ka ohun tó wà lára sítíkà náà lórí: ẸNU Ọ̀NÀ YÌÍ ṢÍ SÍLẸ̀ FÚN Ọ. Ọmọ tí wọ́n bá ń lé, kó wọlé. Ká fún un níjòókòó, ká ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń lé e, ká tẹ ilé ẹ̀kọ́ láago. Ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ bá sì rí i pé ó ń fìyà jẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní gbà á síṣẹ́ títí tí yóò fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lè dín ẹja tútù lè ṣe é.

Lẹ́yìn tí o lọ, Ọ̀gbẹ́ni Strachan gba ipò rẹ. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ìwé ló fẹ́ràn, bíi kó máa fi sùn. Nǹkan sì ń lọ déédéé. Ní àkókò yẹn ni Merrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. O mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin Dianne tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni báyìí. Jocelyn, ọmọ yẹn lọ́wọ́! Ìyẹ̀fun tí èmi pò fún ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀ ọ́n, oṣù mẹ́rin ló fi mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣèlérí fún un pé bó bá ti parí kíláàsì kẹwàá ní oṣù Kejìlá, màá gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ìjọba. Mo tilẹ̀ ti ń rò ó lọ́kàn ara mi pé òun ni yóò gba ilé búrẹ́dì yìí lọ́wọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fi ẹyin pa orí búrẹ́dì, ó ní, “Àǹtí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Obìnrin ni ọkàn mi máa ń fà sí o, kì í ṣe ọkùnrin.” Mo wo àwo iwájú rẹ̀, mo ní, “Ó dáa. Ẹyin ò tíì kan apá ọ̀tún yẹn.” Ó rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ti ṣe tèmi.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Karùn-ún. Tyson, ọmọ Craig Voss, ni olórí wọn. Òun ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú ìlú yìí, torí náà ohun tó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni gbogbo ìyókù ń rín. Wọ́n á dúró sí òdìkejì ọ̀nà, wọ́n á máa kígbe sí Merrin pé, “Ọkọ ìyàwó! Ìyàwó dà? Ṣé ó ti lóyún ni?” Merrin ṣe ohun tí a kọ́ wọn. Ó lọ sọ fún ilé ẹ̀kọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Strachan sì kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ ẹja, níbi tí Tyson ti ń ṣiṣẹ́ ìgbà ìsinmi lábẹ́ bàbá rẹ̀, ó rán wọn létí àdéhùn.

Craig ò fèsì. Ó ha sítíkà kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sọ ọ́ síta gbangba pé, “Eré ọmọdé ni, Noeleen. Ṣé torí àwàdà ni wọ́n ó fi ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ mi jẹ́? Lọ́dún tí a fẹ́ gba ife?” O mọ̀ pé òun náà ni ààrẹ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ti Kev ti kúrò lára gíláàsì. Ilé epo tẹ̀ lé e. Onídìrí ní tòun já bọ́ fúnra rẹ̀, atẹ́gùn ni. Oníkẹ́mísìtì ní òun ń fọ gíláàsì ni. Gbogbo Garrow Bay wá di afọ-gíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi nìkan ló kù, mo sì ń fi yangàn. Merv ní kí n rọra, pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń ra páì wa jù, mo sì sọ fún un pé kó lọ mu omi gbígbóná.

Ó di Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ gbá ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti rán Merrin pé kó gbé búrẹ́dì lọ fún ẹni tó ń tajà létí afárá òkun. Ṣàdédé ló sáré wọlé gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Fìlà rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti tú tòmátì inú ìgò tí a fi ń jẹ páì sí i lórí, ó ń ṣàn sínú ọrùn aṣọ rẹ̀. Tyson àti àwọn mẹ́ta mìíràn dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Craig wà lórí ìlà, ó ń dúró de páì ẹgbẹ́. Kev náà wà níbẹ̀. Òun ló kígbe pé, “Noeleen, ọkọ ìyàwó rẹ ti dé o! Ó sì ti kun osùn sí ibi tí kò yẹ!” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, àti ìyàwó pásítọ̀.

Jocelyn, mo mọ gbogbo ohun tí o kọ́ wa. Kó jókòó. Kí n ti ilẹ̀kùn. Kí n pe ilé ẹ̀kọ́. Àga kan wà lẹ́yìn mi gan-an. Dípò bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ síwájú, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, “Merrin, ọmọ mi, gba ẹ̀yìn jáde. Máa lọ sílé, a ó sọ̀rọ̀ tó bá di ọjọ́ Ajé.” Mo búra fún ọ pé mo rò pé àánú ni mò ń ṣe é. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò ó. Àbí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí ni?

Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀yìn kẹ̀, Àǹtí? Ẹ̀yìn ni kí n gbà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a bí mo ṣe kọ́ ọ, ó gbé e lé orí àpò ìyẹ̀fun, ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Mo yíjú sí àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn Craig, ó kan Tyson. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Páì méjì, ẹ bá mi fi tòmátì sí i.” Tòmátì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Mo fi sí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó ń ta páì.

Kò sẹ́ni tó lù ú ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kò wá sílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, kò sì wá síbí. Ní ọjọ́rú, Dianne mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá dá padà. Ó ní Merrin ti wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní Whyalla, pé Merrin ní òun ò kàwé mọ́, òun ò sì fẹ́ rí ìyẹ̀fun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú Tyson, Dianne dá mi dúró. Kò pariwo. Ó ní, “Mà, kò dárúkọ àwọn yẹn rárá. Ó ní òun mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ló ní òun ò mọ̀.”

Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kò fèsì àkọ́kọ́. Wọ́n dá ìkejì padà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Dianne ní ó bá àwọn kan lọ sí ìhà àríwá, ó máa ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í sọ ibi tó wà. Mo gbà á gbọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n, tó kọ̀ láti sọ fún mi, mi ò ní ẹjọ́ rò.

Mo fẹ́ fi síbẹ̀ yẹn, àmọ́ o bèèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí. Ó ń lọ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Strachan yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó rí i pé láti oṣù Kẹjọ, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ò wọlé. Kó tó di ìgbà náà, mẹ́sàn-án ló wà lórí ìwé. Merrin ló kọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó wá kéde pé ètò ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ní Garrow Bay ti yọrí sí rere, wọ́n tẹ sítíkà tuntun, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá sì gbà á, títí kan ilé iṣẹ́ ẹja. Mo lọ bá a nínú ọ́fíìsì tó jẹ́ tìrẹ nígbà kan, mo sọ ohun tí mo sọ fún ọ yìí fún un láì bo ìkankan. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní, “Ìyáàfin Hadfield, ẹ̀sùn tí wọn ò bá kọ, kò sí lórí ìwé. Ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú.”

Wọ́n ya wá ní fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà mi. Craig wà láàárín, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó gbé ife bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ kejì. Bí o bá rí i nínú ìwé ìròyìn, èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín jù. Merv ti gbé ìwé ẹ̀rí tí ilé ẹ̀kọ́ fún wa kọ́ sókè ààrò. Épírọ́ọ̀nù Merrin ṣì wà lórí àpò ìyẹ̀fun yẹn, torí pé mi ò rọ́wọ́ fi gbé e. Mo ti ń yọ ìyẹ̀fun láti inú àpò mìíràn.

Má kọ̀wé pé kí n má dá ara mi lẹ́bi. Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, mo mọ bí wàá ṣe kọ ọ́. Iṣẹ́ tí o fi ọwọ́ ara rẹ gbìn síbí ti kú, Jocelyn, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fọ́n omi sí.

Bá mi kí Alan. Kí Fergus àti ìyàwó rẹ̀. Bá mi gbé ọmọ náà bó bá ti dé. Kí àwọn ajá tí o ń dẹ́rù bà.

Ní ti ìkíni tí o ní kí n bá ọ kí Merrin, mo dá a padà sí ọ nínú lẹ́tà yìí. Mi ò mọ ẹnu ọ̀nà tí màá gbé e lọ.

Èmi ni, tí ojú ń tì níwájú rẹ,

Noeleen.