Orrin, Àwòrán Rẹ Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Polongo Ìbò

Orrin Wescott, àbúrò mi, ọdún mẹ́rin rèé tí o ti lọ. Ọdún mẹ́rin, àsìkò ìbò abẹ́lé sì tún ti dé sí New Hampshire. Ọ̀sẹ̀ tí à ń dìbò gan-an lo dákẹ́ nígbà yẹn. Yìnyín bo ilẹ̀, àwọn tó ń du ipò ààrẹ sì kún ìlú wa bí eéṣú. Gbogbo wọn ló ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá síbi ìsìnkú.

Ìwọ ló yẹ kó sin mí, Orrin. Èmi Alma ni ẹ̀gbọ́n.

Nǹkan ti yí padà lẹ́yìn rẹ. Ilé tí a ti ń se oje igi méépù di ṣúgà olómi, tí o fi sílẹ̀ láìní òrùlé, Verna ìyàwó rẹ ti kan òrùlé rẹ̀. Òun àti Thea ọmọ yín ló ń lu ihò sára igi, àwọn náà ló ń se oje, iṣẹ́ náà ò sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Thea ti bímọ obìnrin. Ọmọ náà lágídí. O mọ ibi tó ti rí i.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ní láti sọ fún ọ. Má bínú. Nígbà ooru ọdún kejì tí o lọ, òjò ńlá rọ̀, odò kún àkúnya, ó sì gbé afárá tó wọ ilé yín lọ. Inú igbó ni Verna ń gbà kó tó dé títì. Ìjọba gbé owó ìrànwọ́ jáde, Verna sì gbà á. A mọ ohun tí ìwọ ì bá sọ, ìwọ tí o máa ń wí pé àlejò ni ìjọba, bí a bá fún un ní àga lónìí, yàrá ni yóò bèèrè lọ́la. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wá ri irin afárá tuntun mọ́lẹ̀, Verna sunkún nínú ilé ìdáná. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì gbé kọfí lọ fún wọn.

Lọ́dún yìí ni Dwight Pelkey wá, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń darí ẹgbẹ́ òṣèlú yín ní ìlú. Ó ní gómìnà kan tó ń jẹ́ Brock Landreth, tó ń du ipò ààrẹ, ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà, yóò bá wa sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Ó fẹ́ kí àwọn gbé àwòrán rẹ kọ́ sẹ́yìn pèpéle, kí Verna sì jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ta ni kò mọ Orrin, ọkùnrin tó máa ń bi gbogbo olùdíje ní ìbéèrè kan náà: kí lẹ máa gé nínú ìnáwó ìjọba tí yóò dun ẹ̀yin fúnra yín? Verna ò fẹ́. Ṣùgbọ́n Dwight wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ, kò mọ bí òun ṣe lè kọ̀ fún un.

Ọ̀sán Sátidé ni. Landreth mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìyẹn ò ṣeé sẹ́. Ó ní ìjọba ti jẹ àjẹkì, ó ti sanra jù, òun á fi ọ̀bẹ sí i. Gbọ̀ngàn hó. Kò pẹ́ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan. Owó á wà fún àgbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun á pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan owó àwọn arúgbó. Owó orí á sì tún wálẹ̀. Orrin, àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọ̀bẹ náà ni wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ fún ọbẹ̀!

Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí àwòrán rẹ, ó ní, "Bí Orrin Wescott ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Verna dìde. Dwight mi orí sí i pé kó jókòó. Kò wo ibẹ̀.

"Gómìnà," ó ní, "ọkọ mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìbéèrè ló máa ń bèèrè. Kí lẹ máa gé tó máa dùn yín?"

Landreth rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bínú o. Ta ló tún afárá ilé yín ṣe?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì wolẹ̀. Mo wo Dwight. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Òun nìkan ló lè sọ ọ̀rọ̀ afárá yẹn fún àlejò náà.

Verna dá a lóhùn. "Ìjọba ni. Mo gbà á, mi ò ní purọ́ pé mi ò gbà á. Ó dùn mí láti gbà á, ì bá sì dùn mí ká ní mo kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé ẹni tó bá ní òun máa gé nǹkan, tí kò ní dun ẹnì kankan, irọ́ ló ń pa. Ẹ dárúkọ ẹyọ kan péré."

"Ìnákúnàá," ni gómìnà dáhùn. "Ìnákúnàá ni màá gé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ló dé tí wọn ò ní pàtẹ́wọ́? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Ìnákúnàá ní ìlú wa.

Verna yíjú pa dà láti já àwòrán rẹ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé e kọ́ sókè jù, ni ìyàwó rẹ bá gun àga tó fi jókòó, arúgbó tí orúnkún ń dùn. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Èmi ni mo lọ di àga náà mú. Ó fi àwòrán rẹ sábẹ́ kóòtù, a sì jáde.

Dwight sáré bá wa níta. Ó ní, "Verna, o dójú tì mí. Orrin ò jẹ́ ṣe báyìí."

"Orrin ì bá ṣe jù báyìí lọ," ni Verna wí. "Èyí tó wù ọ́ nìkan lo rántí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Dwight kì í kí wa mọ́. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún! Ọjọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ kejì wá sílé, wọ́n fẹ́ dì mọ́ Verna, wọ́n sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ fún ìpolongo tiwọn. Ó ní afárá kan ṣoṣo kò lè sọ òun di tiwọn, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Túsidé la dìbò. Landreth ló wọlé ní ìlú wa, ó fi ẹ̀yìn gbogbo àwọn tó kù gbálẹ̀. Inú ń bí wa, Orrin. Ó ń bí wa pé àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́, tí wọ́n jẹun nílé rẹ, ló dìbò fún un, tí wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ búra pé àwọn ṣe ohun tó tọ́. Ó ń bí wa pé o ò sí níbẹ̀ láti bá wọn jà.

Verna pẹ́ nínú yàrá kékeré tí a ti ń dìbò débi pé àwọn tó tò sẹ́yìn ń wúkọ́. Nígbà tí a wọkọ̀, Thea bi í léèrè ẹni tó dìbò fún.

"Bàbá rẹ ò sọ tirẹ̀ fún mi rí," ni Verna wí, "èmi tí a jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Ó ní kò kan ìjọba, kò sì kan ìyàwó. Kò kan ìwọ náà."

A rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí a rín láti ọjọ́ gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà ni Verna kọjú sí fèrèsé títí a fi gun afárá.

Àárò rẹ ń sọ wá, Orrin. A ò tíì rí ẹlòmíì tí a lè bá jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí yóò sì tún bu oúnjẹ fún wa. Títí di òní la fẹ́ràn rẹ, tìbínú-tìbínú la sì fi fẹ́ràn rẹ. Ìyàwó rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ì bá fi ohun gbogbo sílẹ̀ kí òun lè bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pé ta lo dìbò fún, kí o sì kọ̀, kí o má sọ.