Ápù Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní Hebron

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án 1985

Oṣù yìí ló kan ilé wa láti gba oníwàásù tó bá wá sí Hebron, ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa ní Wales, sílé. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ìyá mi ti ń fọ ilé, títí kan yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ẹni tó dé kì í ṣe ará Wales. Reverend Fortuin, láti Gúúsù Áfíríkà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé fún aláìsàn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi wàásù dípò èdè Wales, àwọn kan sì ń kùn nítorí ìyẹn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá mi gbé páì ápù kalẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè ibi tí ápù ti wá.

Ìyá mi ní, "Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Orílẹ̀-èdè wo ni mò ń béèrè."

Ìyá mi lọ wo páálí. Cape ni wọ́n kọ sí i, ní Gúúsù Áfíríkà. Ọkùnrin náà rọra ti abọ́ síwájú. Ó ní inú oko ápù ni wọ́n bí òun sí. Wáìnì ni wọ́n fi ń san apá kan owó iṣẹ́ bàbá òun, wáìnì náà ló sì pa á. Nígbà tó yá, ìjọba ní abúlé wọn ti di ti àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ẹrù. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì dúró níbẹ̀, kò sí èèyàn nínú rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ní, "Páì tèmi? Páì tí gbogbo Hebron ń jà lé lórí?" Mo ní kì í ṣe páì yín ló kọ̀, ìyá. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé kí n jẹ tèmi. N kò jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ bá Ọba Ṣúgà. Orúkọ tí mo fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn, Emrys, nínú ìwé yìí nìkan. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà lábúlé, òun náà ni olórí àwọn alàgbà Hebron. Wọ́n ń ra ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sátidé, wọ́n ń gba oúnjẹ Olúwa lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo ní kó má ta ápù Cape mọ́. Ó ní, "Ithel, ṣé ìwọ lo máa ra èyí tó bá jẹrà?"

Mo rán an létí àfonífojì tí wọ́n bí i sí, tí ìjọba fi omi bò kí àwọn ará ìlú ńlá lè rí omi mu. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀ omi náà. Ọba Ṣúgà gbé ìjókòó kan jáde níbẹ̀ kí omi tó dé, ó wà ní pálọ̀ rẹ̀ títí dòní, kì í jẹ́ kí ọmọdé jókòó lé e. Mo ní, "Ẹ ṣì ń sunkún ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ti àwọn Fortuin náà ńkọ́?"

"Má fi ẹnu yẹn kan ìyẹn. Tiwa ni ìyẹn."

Ó ní kí n jáde. Mo fi gbogbo ohun tí ìyá mi rán mi sílẹ̀ lórí káúńtà. Tíì kò sí nílé lálẹ́ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Oorun ò kùn mí. Ìbínú ni — àti ohun mìíràn tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹwàá

Mò ń tún ògiri òkúta mọ ní pápá òkè. Kò sí ohùn, kò sí ìmọ́lẹ̀. Òkúta ṣì wà lọ́wọ́ mi ni mo mọ̀ pé n ó di oníwàásù, bí èèyàn ṣe ń rántí lójijì pé òun ò ti ilẹ̀kùn ọgbà àgùntàn. Inú mi ò dùn sí i rárá. N kò fẹ́ràn oníwàásù.

Mo lọ sọ fún Òwú. Pásítọ̀ wa ni. Mò ń pè é bẹ́ẹ̀ torí kò sí ibi tí a tẹ̀ ẹ́ tí kì í wọlé. Lónìí kò wọlé. Ó ní, "Mo mọ ẹni tí ò ń bínú sí. Ta lo nífẹ̀ẹ́?"

Mo ní àwọn tí wọ́n ń fi wáìnì sanwó fún.

"O ò mọ ìkankan nínú wọn."

"Mo mọ Fortuin."

Ó ní ó dáa. Ó ní àwọn aṣojú ìjọ àgbègbè á wá ní 7 oṣù tó ń bọ̀ láti gba ìbò. Bí àwọn ará Hebron fúnra wọn ò bá nawọ́ fún mi, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ oníwàásù ò ní wo ojú mi. Àwọn wọ̀nyí ni yóò dìbò fún mi. Àwọn wọ̀nyí gan-an.

Gbogbo ohun tí ìyá mi sọ ni: "Àgùntàn ńkọ́?"

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ìkórè. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ kún gbogbo ojú fèrèsé: ànàmọ́, kárọ́ọ̀tì, búrẹ́dì, ẹnìkan tiẹ̀ gbé èédú wá. Lójú fèrèsé tó sún mọ́ pẹpẹ jù lọ ni mo ti rí páálí Cape, tó kún fún ápù, tí wọ́n kọjú orúkọ rẹ̀ sí ìjọ. Níbi tí a ti ń dúpẹ́.

Kí ìsìn àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé páálí náà gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Mo da ápù rẹ̀ síwájú ẹlẹ́dẹ̀ Ọba Ṣúgà. Ohun rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Mo padà, mo sì kọrin ju gbogbo wọn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Ápù Ọba Ṣúgà kọ́.

Ti Màmá Leusa ni. Opó ni, òun nìkan ló ń gbé nípẹ̀kun ọ̀nà, igi ápù kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Lọ́dọọdún ló máa ń fi aṣọ ìdáná rẹ̀ nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi dán. Ó tọrọ páálí òfo ní ṣọ́ọ̀bù, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Irú páálí yẹn ni mo kó ìṣó mi sí. Mo mọ̀. Ápù ṣọ́ọ̀bù a máa dọ́gba. Ìwọ̀nyí kéré, wọ́n ní àmì, ewé ṣì wà lára àwọn mìíràn. N kò wò wọ́n. Páálí ni mo kà.

Ìyá mi ní Màmá Leusa jókòó nínú ìsìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń wo ojú fèrèsé tó ṣófo. Ó rò pé àwọn alàgbà ló gbé tòun kúrò torí pé kò dáa tó.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti rí páálí náà lọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo abúlé sì ti mọ̀ pé èmi ni. Ọba Ṣúgà wá pẹ̀lú alàgbà méjì. Wọ́n fẹ́ kí n bẹ àwọn alàgbà níwájú ìjọ, kí n sì sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọjà ṣọ́ọ̀bù náà.

Mo ní n kò jẹ yín ní ẹ̀bẹ̀ kankan. Ápù Cape ṣì burú. Ìyẹn ò yí padà.

Ó dìde. Ó ní, "Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ń kí ọ o. Wọ́n ní ìgbà wo la tún máa dúpẹ́."

Òwú dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè kan ló bi mí: ṣé mo ti lọ bá Màmá Leusa? Mo ní mò ń lọ. Lóòótọ́ ni mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní àná àti ní ìjẹta. Mo kọjá ni.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá

Ìbò.

Àwọn aṣojú méjì jókòó pẹ̀lú àwọn alàgbà níwájú pẹpẹ. Ọba Ṣúgà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ti múra ìjà.

Ó ní, "Ọmọ àbúrò mi ni. Olórí kunkun ni, kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ, inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti bú mi. Tí a bá fi í sílẹ̀ síbí, àwa ló máa máa bá jà. Ẹ jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa bá a jà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Ìyá mi na tirẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń rán mi lọ ni tàbí wọ́n ń lé mi. Gbogbo ọwọ́ ló wà lókè, àfi ti Màmá Leusa. Tirẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Aṣojú kan ní, "Ìyá, ṣé ẹ lòdì sí i ni?"

"Rárá o. Mò ń retí rẹ̀ ni. Ó mọ ọ̀nà Áfíríkà. Kò tíì mọ ọ̀nà ilé mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wọlé. Mo dìde, mo ní kí wọ́n dá orúkọ mi dúró, kí wọ́n má gbé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì títí n ó fi ránṣẹ́. Ariwo sọ. Ọba Ṣúgà ní, "A dìbò fún un tán, ó tún kọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí?"

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, kò ní kí n wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò wá láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní ojú ń tì mí, Màmá.

"Ojú ti èmi náà. Láti àárọ̀ títí dalẹ́, níwájú gbogbo ìjọ." Ó ti ilẹ̀kùn. Kò fi agbára tì í.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kọkànlá

Ìjókòó ìdílé wa ni a ń jókòó sí ní Hebron láti ayé bàbá bàbá mi. Lónìí mo kọjá níbẹ̀. Mo lọ jókòó sí ti Màmá Leusa, ibi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Gbogbo orí yí padà. Ọba Ṣúgà ń wúkọ́. Màmá Leusa kò wò mí, kò sì sún. Nígbà tí a dìde kọrin, ó gbé ìwé orin rẹ̀ síbi tí ojú mi ò lè dé. Mo mọ orin náà lórí. N kò kọ ọ́. Mo dúró, mò ń gbọ́ tirẹ̀.